Ọjọ́ Tí O Ò Ní Ta Béèsì Ni Kí O Kà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Bàríga ni mò ń gbé. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ₦110,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Mo ti ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọmọ ọdún 15, mo sì máa ń bá àwọn bándì jáde lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gá eléré jùjú kan fẹ́ mú mi lọ sí ìlú Ọba fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: eré 12, £120 fún eré kan. Ó ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, kí n lè ráyè fún rìháàsà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tún ní físà àbẹ̀wò la máa gbà, àti pé òun ló máa tọ́jú páásípọ́ọ̀tù gbogbo wa. Yàtọ̀ sí èyí, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe gìtá kọ̀wé sí mi lórí Instagram pé àwọn fẹ́ kí n wá fi béèsì àwọn ṣeré níbi ìpàtẹ ohun èlò orin tí wọ́n ń pè ní NAMM ní Amẹ́ríkà, kí n san $650 fún ìforúkọsílẹ̀. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀? Ṣé olókùn mẹ́rin ni kí n gbé lọ àbí olókùn márùn-ún? — Ọmọ Bàríga

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìwọ náà kú iṣẹ́. $650 yẹn, má san án. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o ti fi owó ránṣẹ́ kí o tó kà á débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ló gba ìṣirò. Mú bírò. Eré 12 ní £120 jẹ́ £1,440, ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ọjọ́ 42. Yọ 12 kúrò níbẹ̀, ọjọ́ 30 ló kù tí o ò ní ta béèsì fún ẹnikẹ́ni. Ikùn ò sì mọ̀ pé kò séré lónìí. Ta ni yóò máa bọ́ ọ lọ́jọ́ 30 náà? O ò sọ ọ́ nínú ìwé rẹ, èyí tó sọ fún mi pé ọ̀gá náà ò sọ ọ́ fún ọ. Ká ní £20 lò ń ná lóòjọ́ lórí oúnjẹ àti bọ́ọ̀sì, £840 ti lọ, £600 ló ṣẹ́kù. Wá fi ọjọ́ 21 rìháàsà kún un, tí ẹnikẹ́ni ò sọ pé òun máa san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ọjọ́ 63. £600 fún ọjọ́ 63 ò tó £10 lóòjọ́. Bí gbogbo ìpè tó ń dé bá àwa oníbéèsì ṣe rí nìyẹn: iye owó eré ni wọ́n máa ń sọ, ọjọ́ tí kò séré ló máa ń jẹ ẹ́.

Má tíì fajú ro. Bí o bá ṣẹ́ £600 yẹn ní ₦2,000 fún pọ́n-ùn kan, ₦1,200,000 ni, ó ju owó oṣù mẹ́wàá rẹ ní Ṣómólú lọ. Mi ò lè wò ọ́ lójú kí n ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló lówó jù. Torí náà, lọ. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ nìkan ni kí o má kọ. Lọ bá ọ̀gá rẹ, ní kó fún ọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò ní sanwó fún ọ, kí o wá ẹni tó máa di ẹ̀rọ rẹ mú, kí o sì bá bándì sọ ọ́ kí rìháàsà jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Jùjú kì í ṣe iṣẹ́ àárọ̀. (Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun ni, dákun má dá ọ̀rọ̀ ìsinmi sílẹ̀ rárá. Ọ̀gá rẹ á lé ọ lọ kó tó gbọ́ ọ tán.)

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọjọ́ kẹrìnlélọ́gọ́ta, ìyẹn ọjọ́ tí o bá padà dé Bàríga tí o ò ní ibi tí o ń lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Òde eré l'Ékòó ní àsìkò bí òjò ṣe ní àsìkò. Láti Oṣù Kẹwàá títí wọ òpin Oṣù Kejìlá, o lè má rí ọjọ́ fọṣọ: ìgbéyàwó, ìsìnkú, àádọ́rin ọdún ìyá alájọ, àwọn ará òkè-òkun tó wálé ọdún, kárólù ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù Kìíní á dé, ìlú á dákẹ́ rọ́rọ́, owó iléèwé ọmọ ni kálukú ń wá. Lẹ́ńtì á wọlé, Àgùdà àti Áńgílíkà ò ní fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì náà ń bẹ, tó ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún, tí òun àti Lẹ́ńtì sì máa ń ṣe kòńgẹ́ nígbà míì, bíi ti 2025. Lóòótọ́ àwọn ajísààrì máa ń kọrin láàárín ààwẹ̀, ibẹ̀ ni fújì ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ìlù àti ohùn ni tiwọn, kò sẹ́ni tó ń wá oníbéèsì ní aago mẹ́ta òru kó wá bá òun jí ẹlẹ́ààwẹ̀. Tí èyí bá kọjá, òjò Oṣù Kẹfà á máa fa ìbòrí ya.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Oṣù Kìíní 1999 ni mo fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Broad Street. Mo ti ka òde tí mo lọ ní Oṣù Kejìlá, mẹ́sàn-án ni, mo fi mẹ́sàn-án sọ oṣù méjìlá, mo rí i pé mo ti di olówó. Ní Oṣù Kìíní yẹn, òde kan ni mo rí. Ní Oṣù Kejì, méjì, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ pé ìrẹsì àti aṣọ ẹbí ni wọ́n fi san mí lówó. Títí dòní mi ò tíì rán aṣọ ẹbí yẹn.

Àwọn àgbà nínú bándì á sọ fún ọ pé kì í ṣe owó tí wọ́n dá lé eré la ń jẹ, èyí tí wọ́n ń ná lóde ni. Ó rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá á máa ki olóde, owó á máa rọ̀, ọmọ kan á máa ṣà á sínú àpò, òru á ṣú, wọn á pín in: olórin, onígángan, àwa tó kù. Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí 21 nínú òfin CBN ti 2007 ní ẹni tó bá ná náírà báyẹn tàbí tó jó lé e lórí, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Òfin náà sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. EFCC jí i dìde ní 2024. Nígbà tí owó ń balẹ̀ sórí ìtàgé, gbogbo wa la rí i, a mọ̀ bóyá Sátidé yìí dára. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ olóde á gba nọ́ńbà àkáǹtì ọ̀gá, owó á wọlé, òun nìkan ló rí álẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní ọ̀gá rẹ máa rẹ́ ọ jẹ. Mo kàn ní kí o gbé ìrètí rẹ kúrò lórí owó òde, kí o sì sọ iye rẹ kí o tó kúrò nílé.

Físà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí n fèsì rẹ kíákíá. Ẹni tó bá ń lọ ṣeré gbowó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ìlú Ọba, físà tí wọ́n ń pè ní Creative Worker ló yẹ kó gbà, ó sì gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́ níbẹ̀ tó máa fún un ní ìwé ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́. Òótọ́ ni pé àyè díẹ̀ wà fún àlejò tí wọ́n pè wá ṣeré tó ní owó nínú, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 30 àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí, ó sì gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ nígbà tó ń gba físà. Tìrẹ jẹ́ 42. Bí o bá sọ fún òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú pé àǹtí rẹ lo wá kí, béèsì wà léjìká rẹ, fọ́tò rẹ wà lórí pósítà bándì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú méjì péré ni yóò fi rí i. Ẹni tó bá sì purọ́ nínú ọ̀rọ̀ físà wọn, wọ́n lè fi ọdún mẹ́wàá tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀gá rẹ á ti padà sí Ṣùúrùlérè, orúkọ tìrẹ ló máa wà nínú kọ̀ǹpútà wọn.

Páásípọ́ọ̀tù rẹ, ìwọ ni kó wà lọ́wọ́ rẹ. Mo ti wà ní ìlú kan lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, òtútù ń pa wá bí nǹkan míì, tí olóòtẹ́ẹ̀lì kó ẹrù wa sí ìta torí pé ẹni tó pè wá wá ò san ju alẹ́ àkọ́kọ́ lọ. Àwa mẹ́jọ la sùn nínú ọkọ̀. Mo ní ìbátan kan ní Peckham tó ṣe tán láti gbà mí, mo sì ní owó tíkẹ́ẹ̀tì àtipadà sílé, ṣùgbọ́n páásípọ́ọ̀tù mi wà nínú báàgì ọ̀gá, ọ̀gá sì ti lọ sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dúró de báàgì yẹn.

Tún fi èyí sọ́kàn: bándì jùjú tóbi. Nígbà tí King Sunny Adé ń gba Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kiri lẹ́yìn tó tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú iléeṣẹ́ àwo orin Island Records ní 1982, èèyàn tó ń kó lọ ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, gìtá rẹpẹtẹ, onígángan rẹpẹtẹ, nígbà tí bándì rọ́ọ̀kì máa ń jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Iléeṣẹ́ ńlá ló wà lẹ́yìn wọn nígbà yẹn, ìdúnàádúrà náà ò sì pẹ́ rárá kó tó tú ká. Ẹni tó ń kó èèyàn méjìlá lọ láìsí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ara oúnjẹ yín ló ti máa fowó pamọ́. Kì í ṣe pé ó burú, ìṣirò ni.

Torí náà, ohun tí o máa bá a sọ nìyí, lójúkojú, kí o sì tún kọ ọ́ sórí WhatsApp kó lè wà ní àkọsílẹ̀: owó oúnjẹ fún ọjọ́ 42, kì í ṣe fún 12, ìdajì owó rẹ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, físà tó bá iṣẹ́ mu, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àtàbọ̀ ní orúkọ rẹ. Má pariwo. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ ò ní bínú sí i, ó ti gbọ́ ọ rí.

Ó dáa. Ká tó kan NAMM, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń mú kí wọ́n tún pe oníbéèsì, torí pé òun lo máa fi jẹun nígbà tí mo bá ti gbàgbé orúkọ rẹ. Kì í ṣe ìka tó yára. Kí béèsì tó dé sínú orin wa, agídìgbo ló wà ní ipò rẹ, àpótí onígi tí irin pẹlẹbẹ wà lójú rẹ̀. Wá àwo àpàlà Haruna Ishola kan, pa ohun gbogbo tó kù tì, kí o gbọ́ agídìgbo nìkan. Gbólóhùn kan náà ló ń sọ, á sọ ọ́, á dákẹ́, inú ìdákẹ́ yẹn sì ni ìlù tó kù ti ń rí ọ̀nà. Ìwọ tí o ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, ìdákẹ́ yẹn ló máa ṣòro fún ọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí o bá sáré láti òkè okùn dé ìsàlẹ̀, ìjọ á pariwo halelúyà. Nínú jùjú, gángan ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ bí èdè wa ṣe ń gòkè ń sọ̀. Bí ìwọ náà bá ń gòkè ń sọ̀ lábẹ́ rẹ̀, o ti da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lẹ́nu. Olóde á dìde, á na etí, kò ní gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀, á sì jókòó padà. Ọ̀gá ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á sọ fún un pé nígbà tí oníbéèsì kejì wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ń dìde.

Ohun kejì ni iná. Iná Nàìjíríà, 50 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi ìka tẹ ojú kẹta lórí okùn E: G ni, 49 Hz. Ìyẹn ni pé nígbà tí wáyà bá ń kùn nínú amp rẹ, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn béèsì sókè, G tó ga díẹ̀ ló ń kùn. Bí bándì bá wà ní G, ó lè máà yé ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí olórin bọ́ sí A-flat, ohùn tó tẹ̀ lé G gan-an, gbogbo abẹ́ ìbòrí á mọ̀ pé nǹkan kan ń run. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dé ibi òde ní wákàtí méjì ṣáájú, kó jẹ́ Freedom Park ní Erékùṣù Èkó ni o, kó jẹ́ ojúlé kan ní Muṣin. Mo máa ń wá ibi tí wọ́n ti so jẹnẹrétọ̀, mo máa ń béèrè wáyà ilẹ̀. Bí o bá fọwọ́ kan okùn tí ètè rẹ kan máíìkì tí ó sì ta ọ́ pìn-ín, má kọrin níbẹ̀ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣẹlẹ́yà. Iná máa ń pa olórin.

Ẹ̀kẹta, mo fi ojú ara mi rí i. Ìsìnkú kan ní Ìdúmọ̀tà, béèsì tí mo gbé lọ jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì 9-volt nínú. A ti dé láti ọ̀sán, a ò bẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì fi wáyà sílẹ̀ nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mò ń jẹ àmàlà. Bí wáyà bá ti wà nínú irú béèsì bẹ́ẹ̀, bátìrì ń ṣiṣẹ́, ìwọ ìbáà máa sùn. Ọ̀pọ̀ òde ni mo sì ti ṣe báyẹn láìpààrọ̀ rẹ̀. Àkọ́bí olókùú ń jó bọ̀, gèlè rẹ̀ fẹ̀ bí agbòjò, ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ oríkì, béèsì mi wá ń já bí ẹni tó ní ikọ́, ó sì dákẹ́. Orin náà ò dúró o. Àmọ́ mo rí ẹsẹ̀ ìyá yẹn: ó gbé e, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó yíjú wò wá. Ọ̀gá náà yíjú wò mí. Bátìrì tuntun méjì ló ń wà nínú àpò mi láti ọjọ́ yẹn, mo sì máa ń yọ wáyà kí n tó bu àmàlà.

Etí rẹ náà ńkọ́. Níbi tí ariwo bá ti tó 100 decibel, ìṣẹ́jú 15 ni àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fún etí tí wọn ò fi nǹkan dí, abẹ́ ìbòrí wa sì máa ń pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wákàtí márùn-ún. Ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí. Èmi ò tètè rà á, fèrè kan ń fọn létí òsì mi tí kò ní sinmi mọ́ láyé.

NAMM wá kàn. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan tó ń ta ohun èlò orin. Anaheim ni, ní California, wọ́n sábà máa ń ṣe é ní Oṣù Kìíní. Ìpàtẹ àwọn oníṣòwò ni. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe é ti wà láti 1901, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kàn lè já wọlé láti òpópónà. Àwọn tó ń ṣe gìtá wá pàdé àwọn tó ń fi í ṣòwò. Ìwọ á rò pé orin lo máa gbọ́. Ariwo ni. Ogún èèyàn ló ń fi àtàǹpàkò gbá béèsì lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ní ibi tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnìkejì. Ọmọkùnrin kan tó ta béèsì ju gbogbo ohun tí mo tíì gbọ́ rí, mo bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó ń jẹ búrẹ́dì nílẹ̀ lẹ́yìn ilé náà. Òun ló sanwó ọkọ̀ ara rẹ̀, òun ló sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tí iléeṣẹ́ fún un ni ẹ̀dínwó lórí béèsì tuntun.

Bí ọ̀pọ̀ nínú àdéhùn wọ̀nyí ṣe rí nìyẹn: ẹ̀dínwó ni, nígbà míì okùn ọ̀fẹ́. Owó oṣù kì í sí níbẹ̀ àfi fún àwọn tí orúkọ wọn nìkan ti ń mú kí èèyàn ra gìtá. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ní kí olórin san $650 kí òun tó lè polówó ọjà ẹlòmíì, ìyẹn ò sí lára rẹ̀ rárá. Bí iléeṣẹ́ bá nílò ọ, òun ló máa forúkọ rẹ sílẹ̀. Tún rántí pé físà àbẹ̀wò Amẹ́ríkà náà ò gba ìṣeré gbowó. Ẹni tó ń lọ ṣe orin ìbílẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, físà P-3 ló wà fún un, ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà ló sì ń bá a kọ̀wé béèrè. Bi àwọn ará Instagram rẹ bóyá wọ́n máa kọ ọ́. Wàá rí i pé wọ́n á dákẹ́.

Olókùn mẹ́rin ni kí o gbé lọ. Okùn B tó wà lórí olókùn márùn-ún ń lọ sílẹ̀ dé bí 31 Hz, púpọ̀ nínú sípíkà tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ nínú gbọ̀ngàn àdúgbò ò lè gbé e, á kàn máa gbọ̀n bí ilẹ̀kùn danfo. Láti ìgbà tí Leo Fender tó ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà ti gbé béèsì olókùn mẹ́rin tó ń jẹ́ Precision Bass jáde ní 1951, okùn E, A, D, G ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ayé yìí, ó sì tó fún jùjú. Dẹ okùn díẹ̀ kí o tó fi í sínú ọkọ̀ òfurufú. Mú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tún ọrùn rẹ̀ ṣe dání, torí ẹ̀rọ amúlégbóná wọn á fa omi ara igi tó ti mọ́ ọ̀rinrin Èkó lára, ọrùn á sì tẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Bí o ò bá tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yí i, má fi ti ara rẹ kọ́ ọ. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni mo wà, mo sì ní béèsì àtijọ́ kan nílẹ̀ tí o lè fi kọ́ ọ. Wá lọ́jọ́ Túsìdeé kan, mi ò kì í ní òde lọ́jọ́ Túsìdeé.